Kànga Tí Ọkùnrin Kan Fẹ́ Kọ Orúkọ Sí

Ọkùnrin kan wà ní agbo ilé kan, níbi tí ó jẹ́ pé kànga kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń mu. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yìí ló bẹ̀rẹ̀ kànga náà. Ó gbẹ́ ẹ dé ìdajì, ikú mú un lọ. Àbúrò gbé ṣọ́bìrì níbi tí ẹ̀gbọ́n fi í sí, ó gbẹ́ ẹ títí ó fi kan omi. Òun ló ra ríìngì, ìyẹn òrùka kọnkéré tí kì í jẹ́ kí ògiri kànga ya lulẹ̀. Òun náà ló ṣe ìdérí rẹ̀. Ó dá a lójú pé kò sí ẹni tí yóò fami níbẹ̀ tí kò ní rántí òun.

Ṣùgbọ́n a mọ àṣà ìyàwó ilé. Obìnrin kì í pe ọmọ ilé ọkọ tó bá nílé ní orúkọ. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, títí kan èyí tí ń rá kòrò, yóò sì wá orúkọ dídùn kan fún oníkálukú. Ajíṣefínní ni àwọn ìyàwó ń pe ẹ̀gbọ́n nígbà ayé rẹ̀. Àbúrò ga, aṣọ sì máa ń yẹ ẹ́, nítorí náà Agúntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pe tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ ti ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ihò náà ní kànga Ajíṣefínní. Omi dé tán, wọn kò yí orúkọ padà.

Ó dun àbúrò. Ó kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí ó pẹ́, tí kò lè rín in mọ́, ó pe àwọn ìyàwó jọ.

"Ẹni tó kan omi ló ni kànga," ó wí. "Láti òní lọ, kànga Agúntáṣọọ́lò ni kí ẹ máa pè é."

"A ti gbọ́, ọkọ wa."

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí ó fi gbọ́ ohùn ìyá tó ń yan gààrí, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó, tí ó ń pariwo pé, "Ẹ bá mi pọn omi wá ní kànga Ajíṣefínní o!" Ìyá yíjú, ó rí ọkùnrin náà, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ọkọ mi, má bínú. Ó ti mọ́ ẹnu lára ni."

"Èmi! Èmi náà ni ẹ ń ṣe báyìí sí?"

Ó ra àgádágodo, ó fi ti ìdérí kànga pa. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá mọ ẹni tí òun jẹ́ ni wọn yóò tó mu omi òun.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò jìnnà, omi rẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń lọ, ìyàwó tirẹ̀ pẹ̀lú, torí ó ní òun kò ní ṣí kànga fún ẹnikẹ́ni. Inú bẹ̀rẹ̀ sí run àwọn ọmọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìrònú rẹ̀ ni pé ẹnu àwọn obìnrin kò ṣeé gbára lé, òun yóò kúkú gbẹ́ orúkọ òun sínú kànga níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní lè dé láti pa á rẹ́. Bí òun bá gbẹ́ ẹ tán, òun yóò ṣí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo ilé ti lọ sí odò, ó ṣí ìdérí, ó so okùn mọ́ igi tó wà lẹ́nu kànga, ó mú ṣísẹ́lì àti òòlù, ó sọ̀ kalẹ̀.

Omi mù ún dé orúnkún, ẹrẹ̀ sì ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wúwo. Ó gbé ṣísẹ́lì lé ríìngì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ríìngì kọ́ ni kànga. Ẹlẹ́ríìngì ló rọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lọ́la tí wọ́n fi òmíràn sí i, orúkọ òun yóò bá a lọ, kànga yóò sì wà níbẹ̀. Ó wo òkè. Apá ibẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n òun ló gbẹ́ ẹ. Èyí tí òun gbẹ́ ńkọ́? Yẹ̀pẹ̀ ni òun gbẹ́, wọ́n sì ti kó yẹ̀pẹ̀ náà lọ dí kòtò ojú ọ̀nà. Omi ń sun láti abẹ́ ilẹ̀ aládùúgbò, òjò ọdún tó kọjá ni, òun kọ́ ló sì rọ̀ ọ́. Bí a bá mú gbogbo ìyẹn kúrò, ihò ló kù. Ta ló ń gbẹ́ orúkọ sára ihò?

Inú bí i sí ìrònú náà. Ó na òòlù sókè, ó fi tagbáratagbára lù ú. Ó ṣì í lù, òòlù já bọ́ sómi. Ó di okùn mú kí ó gòkè lọ, ni okùn bá tú lókè, ó sì já bọ́ lé e lọ́rùn.

Ó kígbe títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kànga tí a ti pa dé fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mí pẹ́. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún. Ó mọ̀ pé òun lè kú síbẹ̀. Níbi tí ó ti fara ti ògiri, ìbéèrè tó ti fi wá kànga yí padà sí òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rí fín yìí, ibo ló wà? Ara yìí, ọmú ìyá òun àti iṣu ni. Orúkọ yìí, àwọn ìyàwó ló sọ òun. Ìbínú yìí kò sí lára òun tẹ́lẹ̀. Ó wọlé ni, bí omi ṣe ń wọlé. Olórí kunkun ènìyàn ni, agídí tó fi gbẹ́ ilẹ̀ náà ló fi ń wá inú ara rẹ̀. Ó rí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Kò rí onínǹkan.

Ibi tó wá a dé nìyẹn tí garawa kan fi já lu orí rẹ̀.

"Yéè!"

Ìyá tó ń yan gààrí ló kọ́kọ́ ti odò dé. Ó rí kànga ní ṣíṣí, ó ní kí òun tètè fà díẹ̀ kí ọkọ òun tó dé. Ó fò sẹ́yìn. "Ta nì yẹn?"

"Èmi ni!" Ògiri kànga gbà á, ó ń tún un wí: mi ni, mi ni, mi ni.

"Gbogbo ayé ló ń jẹ́ èmi ni. Ìwọ ta?"

"Agúntáṣọọ́lò!"

Kànga gbé orí orúkọ náà mì, ìrù rẹ̀ nìkan ló jáde: ọ́lò, ọ́lò.

"Ó lọ? Ta ló lọ?"

Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ń há. Orúkọ tí ó torí rẹ̀ ti kànga pa kò lè gun kànga dókè.

Ìyá figbe ta. Àwọn obìnrin tó kù ju omi sílẹ̀, wọ́n sáré dé.

"Ènìyàn wà nínú kànga!"

"Ta ni?"

"Ó ní òun ni."

"Òun wo?"

"Ó tún ní ó ti lọ."

"Olè ni," ni ọ̀kan wí. "Ó wá jí omi tí ọkọ wa tì pa."

"Àbí ọkọ wa gan-an ni?" ni òmíràn wí. "Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ fi í sílẹ̀ kó mu omi rẹ̀ yó."

"Ẹ pa ẹnu mọ́," ni ìyá wí. "Ẹ kò gbọ́ bó ṣe ń mí? Ẹ̀mí kì í dúró de orúkọ. Ẹ so okùn ìfami yín pọ̀. Bó bá jáde, a ó bi í."

Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ti la ẹnu láti tún orúkọ rẹ̀ pè, ó pa á dé. Nígbà tí okùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbà á kọjá abẹ́ apá, ó ní, "Ẹ fà á." Wọ́n fà á.

Ẹrẹ̀ ti bò ó dé ìpéǹpéjú. Ìyá fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Háà! Ọkọ mi, ìwọ ni?" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì ń sunkún. Ó fẹ́ dáhùn pé èmi ni, kò rí i wí. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹrẹ̀ ti kún inú kànga. Ẹ má tú okùn yẹn. Ẹ já ewé wá, ká fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Mo fẹ́ padà sọ̀ kalẹ̀ lọ kó o."

Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò dàrú. Wọ́n so ẹ̀ka igi eléwé mọ́ okùn, wọ́n ń jù ú sílẹ̀, wọ́n ń fà á sókè, títí afẹ́fẹ́ fi wọlé dáadáa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bù, wọ́n ń fà. Kí oòrùn tó wọ̀, omi tó mọ́ ti ń sun. Kànga Ajíṣefínní ni wọ́n ṣì ń pè é, òun náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí mo ń sọ èyí fún, àwọn tó ń tẹ̀lé Búdà ní ìlà-oòrùn ayé ní ẹ̀kọ́ kan tó ṣòro gbà. Wọ́n ní bí ènìyàn bá wá inú ara rẹ̀ dópin, kò ní bá "èmi" kan níbẹ̀ tó dá dúró, tí kì í yí padà, tó jókòó bí onílé. Ohun tó ń wọlé, tó ń jáde ló máa bá. Má gbọ́ èyí tán kí o wí pé nígbà náà kò sí ohun tó kàn ọ́. Kànga kì í ṣe irọ́. Ihò ni, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń mu. Ìgbà tí a tì í pa láti dáàbò bo orúkọ ẹnìkan ló kún fún ẹrẹ̀.

O ní ẹnìkan tí o kò bá sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí ó tàbùkù rẹ. Wá ẹni tí wọ́n tàbùkù náà nínú ara rẹ, kí o wá a gidi. Bí o kò bá rí i, dìde lónìí, má dúró de ọ̀la, kí o lọ bá ẹni tí o kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ yẹn. Bí ó bá bi ọ́ pé kí lo wá ṣe, má ṣàlàyé ara rẹ. Bá a sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.