Ife Omi Tí Wọ́n Ní Áńgẹ́lì Gbé Wá

Bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìlú etí òkun kan, láyé ìgbà tí Késárì ń pa onígbàgbọ́. Wọ́n ní kó sun tùràrí níwájú ère ọba, ó ní òun ò sun ún. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n ìgbà náà kì í bọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tí èèyàn rẹ bá gbé wá ni wàá jẹ. Bí wọn ò bá gbé nǹkan wá, ebi ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Nígbà tí inúnibíni náà rọlẹ̀, àwọn àgbà ìjọ jáde láti ibi tí wọ́n wà. Mi ò mọ ibẹ̀, wọn ò sì sọ ọ́ rí. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí ibojì rẹ̀, ìtàn bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ kẹsàn-án, nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa á, áńgẹ́lì wọlé, ó fi ife bu omi fún un. Ife amọ̀ tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi wúrà yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ. Lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń tò lọ fẹnu kò ó.

Obìnrin alágbàfọ̀ kan ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè odò láti ọdún tí wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó padà dé, òun náà tò. Nígbà tó dé ìdí ife, kò fẹnu kò ó. Ó ń wò ó. Ife náà ti sán lẹ́nu, oje igi tí òun fúnra rẹ̀ fi dí ojú ibẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ife mi nìyí.”

Àgbà ìjọ tó dúró ti pẹpẹ ní, “Ìyá, áńgẹ́lì ló gbé e wá.”

“Èmi ni mo gbé e wá. Èmi ni mò ń fọ aṣọ àwọn wọ́dà nígbà náà. Abẹ́ aṣọ ni mo fi í sí.”

“Ṣé ẹ wá jọ áńgẹ́lì báyìí?”

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín.

“Mi ò jọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà?”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá. Ó ní, “Ẹ sún síwájú. Èèyàn ń bẹ lẹ́yìn yín.”

Èmi fura sí ìtàn áńgẹ́lì yẹn. Bí wọ́n bá ní alágbàfọ̀ ló gbé omi lọ, ẹnì kan á bi wọ́n pé ìjọ ńkọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ áńgẹ́lì, ta ni yóò bá áńgẹ́lì du iṣẹ́?

Ọdún náà ò parí tí inúnibíni tún fi dé. Wọ́n mú díákónì kan. Lọ́jọ́ kẹfà, alágbàfọ̀ lọ bá àwọn àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bi wọ́n ta ló ti gbé oúnjẹ lọ. Wọ́n ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Áńgẹ́lì ọjọ́sí ò tíì kú.” Wọ́n padà sídìí ife wọn.

Obìnrin náà pọn omi sí ìkòkò, ó di àkàrà mọ́ ìgbànú, ó lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó bá díákónì nílẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó. Díákónì mu omi tán, kò lajú. Ó ní, “Áńgẹ́lì Olúwa, ẹ ṣé.”

Obìnrin náà ní, “Lajú rẹ dáadáa. Ìyá alágbàfọ̀ ìsàlẹ̀ odò ni mí. Bí o bá jáde, èmi ni kí o sọ pé o rí. Bí o bá lọ pè mí ní áńgẹ́lì, òùngbẹ ni yóò pa ẹni tó bá wọ ibí lẹ́yìn rẹ.”

Ìwọ tí ò ń ka èyí, mi ò ní kí o má bọlá fún ẹni tó kú nítorí Jésù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin rèé tí arákùnrin tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa ti wà ní àhámọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, o gbàdúrà pé kí Olúwa rán áńgẹ́lì sí i, o sì ṣe àmín tó dún dé ìta. Ìkòkò ń bẹ nílé rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ò rọ. Mo débẹ̀ lánàá, wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọlé.