Ìbọn Erin Ọdẹ́jìmí

Ọdẹ́jìmí yin ìbọn níbi ìdíje àwọn ọdẹ Ìlawọ̀. Akèrègbè tí wọ́n so kọ́ igi ní òdìkejì àfonífojì kò mira, Ọdẹ́jìmí fúnra rẹ̀ ló fìdí jálẹ̀.

Ẹni tó bá fọ́ akèrègbè náà ni yóò jẹ oyè Aṣípa ọdẹ, oyè náà sì wu Ọdẹ́jìmí dójú ikú. Ó ní ṣakabùlà òun kò lè ta débẹ̀, ló bá lọ yá ìbọn tí wọ́n fi ń pa erin. Nígbà tó dán an wò nílé, ìbọn ta á nípàá wọ inú ilé ìdáná. Ó ní kí Àṣàkẹ́ ìyàwó òun yá òun ní òṣùká tí yóò fi tẹ́ èjìká.

Àṣàkẹ́ ní, "Olówó orí mi, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìbọn tó ń gba òṣùká lọ́wọ́ obìnrin kì í ṣe ẹgbẹ́ yín."

"Ìwọ ṣáà gbé òṣùká wá."

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀rù ìtapá mú un, ó di ojú méjèèjì kó tó yin ìbọn náà. Ẹ̀ka igi mìíràn ló já.

Ọdẹ kan bi í pé, "Ọdẹ́jìmí, kí ni ẹ̀ka yẹn fi ṣe ọ́?"

Ògúntádé, tó yin ṣakabùlà tẹ̀lé e, ló fọ́ akèrègbè, òun ló sì jẹ Aṣípa. Títí di àná, èjìká Ọdẹ́jìmí ṣì wú, Àṣàkẹ́ ló ń fi òkèlè sí i lẹ́nu.