Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Gbé Ìwé Mu

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ọ̀!"

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. Bàbá tó ń tòògbé lórí àga yẹn, ẹ jí wọn, wọ́n á ní àwọn ò sùn. Àlọ́ mi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó lọ jókòó ti Ọ̀kẹ́rẹ́ aláròyé.

Ní ìgbà kan rí, ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú igbó: ìtàn Àgbọ̀nrín tó fẹ́ Òṣùpá. Tàdáwà, yíǹkì dúdú tí omi lè fọ̀ kúrò, ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹfọ̀n, tíṣà àwọn ẹranko, kéde pé ìdánwò ìwé kíkà ń bọ̀. Ẹni tó bá yege ni yóò di akọ̀wé igbó, gbogbo ẹranko ni yóò sì máa bọ́ ọ títí ayé. Bíbọ́ yẹn ni Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́. Kò gbọ́ ti kíkà.

Oṣù kan ni ìwé náà ń lò lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbín ló kọ́kọ́ gbà á. Ó ń wọ́ lójú ìwé, ojú ewé kan lójúmọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi í rẹ́rìn-ín títí lórí igi.

"Ìgbín, ṣé ò ń kà á ni, àbí ò ń lá a?"

"Mò ń kà á, Bọ̀dá Ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti dé ibi tí Àgbọ̀nrín ti ń sunkún."

"Kí ló pa á lẹ́kún?"

"Ẹ ó kà á nígbà tó bá kàn yín."

Nígbà tó kan Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni ìkẹyìn, oorun ló fi oṣù náà sùn. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni àyà rẹ̀ já. Ó wá rántí ilé-kéú tó ti yọjú wò rí láti orí igi, bí àwọn ọmọ ṣe ń fọ wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéú sí, tí wọ́n sì ń gbé omi rẹ̀ mu. Kò dúró rí i pé láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kà á, títí ó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.

"Háà! Èmi nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá tún fẹ́ wò ó, kó wá la inú mi!"

Ó fọ gbogbo ojú ewé sínú igbá, ó gbé e mu.

Oorun gbé e lọ ní ọ̀sán gangan. Ó rí Òṣùpá tó ń wẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, nínú omi dúdú tí kò rú. Àgbọ̀nrín ń rìn lọ lórí ahọ́n rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tẹ òwú. Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í pé, "Kí ló pa ọ́ lẹ́kún?" Àgbọ̀nrín kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹfọ̀n ṣí ìwé. Ó funfun báláú.

"Ta ló dán irú èyí wò?"

"Inú mi ló wà, sà! Gbogbo ẹ̀ pátá!"

"Ó dáa. Kí ló pa Àgbọ̀nrín lẹ́kún?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ lanu. Òsúkè ló jáde, itọ́ dúdú tẹ̀lé e. Àwọn tí kò ka ìlà kan rí ló rẹ́rìn-ín jù.

Ìgbín bá rọra yọ orí. "Ìyàwó tí gbogbo ayé ń wò ló fẹ́, sà. Òun tó jẹ́ ọkọ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kì í bá a nílé."

Ẹfọ̀n ní, "Akọ̀wé wa rèé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti èèrà lọ. "Ìgbín, lẹ́yìn náà ńkọ́? Ṣé ó padà wá?"

Ìgbín na gègé àti ìwé tó ti funfun náà sí i. "Ẹ jókòó, Bọ̀dá. Èmi á máa pè é, ẹ̀yin á máa kọ ọ́."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀: ẹni tó ba ìwé àjùmọ̀kà jẹ́ ti ba tirẹ̀ jẹ́, ìmọ̀ kì í sì í gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ìwé ṣe ìrọ̀rí kó lè wọ orí yín, mo rí yín o.