Wákàtí Kan Lórí Òkè Arómi

Nígbà tí ìjọ Ọlọ́run ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú Arómi, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jóòbù Ọláníhun. Ọkùnrin náà lágbára o! Láràárọ̀, yóò sáré yí ìlú ká lẹ́ẹ̀mẹta, yóò wá dúró lẹ́yìnkùlé rẹ̀, yóò sì máa gbé òkúta ràgàjì kan sókè sódò. Ibẹ̀ náà ni ẹlẹ́dẹ̀ Ìyá Éṣítà, opó aládùúrà tó múlé gbè é, ti máa ń fi imú tú ìdí ọgbà tí Jóòbù fi yí iṣu rẹ̀ ká.

Jóòbù á bú sẹ́rìn-ín. "Imú lásán-làsàn! Ọgbà tí èmi Jóòbù fọwọ́ ara mi ṣe?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn, òun náà ni oyè Balógun Ìjọ, tí bàbá rẹ̀ jẹ títí ó fi kú. Àṣà Arómi ni pé ẹni tí yóò bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gun òkè àdúrà ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, kí ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, kí ó sì gbàdúrà fún ìlú fún wákàtí kan gbáko láìwo ìwé. Bó bá kùnà, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Bó bá tún kùnà, oyè ti bọ́ mọ́ ilé wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta ni Jóòbù fi múra. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ ọ́, ó ń fi kún òkúta.

Ìyá Éṣítà bi í pé, "Jóòbù, àdúrà ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, Ìyá! Ṣebí ẹnu lásán ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Òkè yẹn gan-an niṣẹ́ wà!"

Ọjọ́ pé. Háà, ẹ̀ bá wà níbẹ̀! Jóòbù sáré gun òkè bí ẹni ń rìn nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń hó yèè. Ó ti débẹ̀ tipẹ́ kí àlùfáà tó mí hẹlẹhẹlẹ dé. Ó kúnlẹ̀. Ó gbàdúrà fún ọba, ó gbàdúrà fún òjò, ó gbàdúrà fún àwọn aboyún. Ó tún gbàdúrà fún ọba. Ọ̀rọ̀ bá tán pátápátá. Ó la ojú kan.

"Bàbá, ṣé ó ti tó?"

Àlùfáà wo aago. "Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọmọ mi."

Nígbà tó gbàdúrà fún ọba lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọdé fi í rẹ́rìn-ín. Ojú ti Jóòbù, ó dìde, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lóun nìkan.

Nígbà tó délé, kí ló rí? Ẹlẹ́dẹ̀ ló wà láàárín iṣu, ó ń jẹ, ó ń gbọn ìrù! Jóòbù fa igi yọ. Bí Ìyá Éṣítà ṣe sáré dé nìyẹn, tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ìyá, ìgbà wo ló ráyè wọlé?"

"Ọjọ́ wo ni kò wọlé, ọmọ mi? Imú ló kọ́kọ́ wọlé. Lánàá, orí ti wọlé."

Jóòbù wo ihò tí ẹlẹ́dẹ̀ fi imú lu sí ìdí ọgbà náà títí. Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀?"

"Ṣé òkúta ńlá yẹn lo kọ́kọ́ gbé?"

"Rárá o. Kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

"O ti dá ara rẹ lóhùn."

Láti ọjọ́ kejì, bó bá ti gbé òkúta sílẹ̀, á kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tó ṣe, ó di mẹ́jọ. Lọ́jọ́ mìíràn oorun á gbé e lọ, ẹlẹ́dẹ̀ á sì hùn létí ọgbà, á jí i! Bó bá sì ń sáré yí ìlú ká, ó wá ń wo ilé tó ń kọjá: ẹni tó ń ṣàìsàn níbí, ẹni tó ń wá ọmọ lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ló ń dárúkọ fún Ọlọ́run.

Ọdún yípo. Jóòbù rọra gun òkè lọ́tẹ̀ yìí, ó di Ìyá Éṣítà lápá mú. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó wà lẹ́nu bodè, ó ń bọ̀ lójúlé-dé-ojúlé. Àwọn èèyàn ń gbọ́ orúkọ ara wọn, omijé ń bọ́. Nígbà tó yá, àlùfáà fọwọ́ kàn án léjìká.

"Balógun, wákàtí ti kọjá!"

Jóòbù kò la ojú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ilé mọ́kànlá."

Ìjọ bú sáriwo ayọ̀, òkè ń dún! Nígbà tí wọ́n bi í bó ṣe ṣe é, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n lọ bi ẹlẹ́dẹ̀ Ìyá Éṣítà. Ọ̀rọ̀ Balógun yìí ni àwọn àgbà sọ di òwe tí wọ́n ń pa dòní pé: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.