Bí Kọ̀ǹkọ̀ Ṣe Rí Ègbè Orin Rẹ̀

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ abẹ́ òṣùpá!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Kọ̀ǹkọ̀, olórin etí odò. Ó fẹ́ràn Àkèré, ṣùgbọ́n Àkèré ní ẹni tí orin rẹ̀ bá dùn ni òun yóò fẹ́. Kọ̀ǹkọ̀ kọrin lẹ́ẹ̀kíní, orin gùn, gbogbo ará odò sùn lọ. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, òun fúnra rẹ̀ gbàgbé ibi tó dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín púpọ̀ o.

Ó fi ìbànújẹ́ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ. Lókè, Ẹ̀gà ń ṣàlàyé fún àwọn ẹyẹ bí ó ṣe ń hun ìtẹ́: "Bí mo bá ta koko kan, màá lọ síwájú díẹ̀, màá tún padà síbẹ̀. Ìpadàbọ̀ yẹn ló ń di ìtẹ́ mú."

Kọ̀ǹkọ̀ ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bẹ́ sódò, ó dá orin tuntun. Ẹ bá mi gbè é:

Òjò ń ṣú lókè.
Jẹ́ kó rọ̀.
Odò ń retí omi.
Jẹ́ kó rọ̀.
Àkèré, ṣé o gbọ́?
Jẹ́ kó rọ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo odò fi ń gbè é, ohùn Àkèré ló sì ròkè jù.

Ẹ̀gà bojú wolẹ̀. Ó ní, "Ìtẹ́ ni mo ń sọ o."

Kọ̀ǹkọ̀ ní, "Mo gbọ́, bàbá. Ẹ ṣeun."