Ìdí Tí Onírèsé Fi Kọ̀ Tí Kò Fíngbá Mọ́

Bí òṣìṣẹ́ bá ń fẹ̀yìn tì, tàbí bí olùkọ́ àtijọ́ bá dé àárín àwọn tó kọ́ níwèé, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó sọ ọ́: "Bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun." Gbogbo wa á mi orí, a ó ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni Onírèsé? Kí ló ṣe é tó fi kọ̀? Ṣé ọ̀lẹ ni? Ṣé ojú rẹ̀ ló fọ́, àbí ẹnìkan ló ṣẹ̀ ẹ́? Ẹni tó kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ló dé tí òwe tún fi ń gbé e gẹ̀gẹ̀? Èmi náà pa òwe yìí títí kí n tó ronú béèrè. Ìyá tó bí ìyá mi ló dá mi lóhùn, bí wọ́n sì ṣe máa ń sọ ọ́ nílùú Ìlápẹ́ nìyí.

Ọkùnrin kan wà ní Ìlápẹ́ tó ń jẹ́ Láògún. Abúlé Ìrèsé ni wọ́n ti bí i, ìyẹn ni gbogbo ayé fi ń pè é ní Onírèsé. Igbá ló ń fín. Ayé ìgbà náà, ayé igbá ni. Igbá la fi ń bu omi, igbá la fi ń jẹun, inú igbá la ti ń wẹ ọmọ tuntun, inú igbá náà laṣọ ìyàwó ń gbé. Bí ènìyàn bá kọjá lẹ́bàá ilé Onírèsé láàárọ̀, yóò gbọ́ ọ̀bẹ rẹ̀ lára igbá, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ìyá ń fi èékánná họ ẹ̀yìn ọmọ kó lè sùn. Èèpo igbá á funfun sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn adìyẹ á máa fẹsẹ̀ tú u kiri, wọ́n á rò pé oúnjẹ ni.

Kò sí igbá rẹ̀ méjì tó jọra. Bí ọmọbìnrin kan bá fẹ́ relé ọkọ, tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò bi í: "Kí lo máa ń kọ́kọ́ rí bí o bá jí láàárọ̀?" Bí ọmọ náà bá ní aláǹgbá tó wà lára ògiri ni, aláǹgbá ni yóò fín sára igbá rẹ̀. Bó bá ní òfì tí ìyá òun fi ń hunṣọ ni, òfì ni. Àwọn obìnrin tó ti ṣí kúrò ní Ìlápẹ́ láti ọdún gbọọrọ ṣì ń jí rí òwúrọ̀ ilé bàbá wọn lára igbá.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin dé. Kò dé Ìlápẹ́ gan-an, ìlú kejì ló dúró sí, ṣùgbọ́n ẹrù inú rẹ̀ kò mọ ibi tí irin parí sí. Abọ́ tánganran, páànù tí wọ́n kùn lọ́dà dídán, gun orí àwọn alájàpá dé ọjà wa, ó funfun bí ẹyin, òdòdó pupa wà nínú rẹ̀. Onírèsé gbé ọ̀kan yẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Abọ́ tí oúnjẹ gbígbóná yóò máa jó ọwọ́ ẹni tó gbé e! Ẹ jẹ́ kí wọ́n rà á. Wọ́n á padà wá."

Wọn kò padà wá. Bí igbá bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó là nìyẹn. Bí tánganran bá bọ́, ariwo lásán ni yóò pa. Kò sí obìnrin kan tó wá sọ fún Onírèsé pé òun ti fi igbá sílẹ̀. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ni, kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tirẹ̀. Igbá tó ti fín ń gorí ara wọn nínú yàrá. Síbẹ̀, kò dáwọ́ dúró.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Onírèsé bí, Ṣégilọlá lorúkọ rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni bàbá rẹ̀ fi ń fín igbá ìgbéyàwó rẹ̀ pamọ́, igbá méjìlá, kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ọmọ náà relé ọkọ nílùú Òkè-Ìrókò, òun àti ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, wọlé tọ bàbá wá. Ọmọ kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"N kò tíì ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ ni." Ó sún mọ́ bàbá rẹ̀. "Abọ́ tánganran ni mo fẹ́ gbé relé ọkọ. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń gbé e. Bí mo bá ru igbá wọlé wọn, wọ́n á ní ará oko ni mí."

Onírèsé wo ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró wolẹ̀.

"Ìyá Ṣégi, ìwọ ńkọ́? Kí lo gbé wọ ilé mi?"

"Igbá ni, Bàbá Ṣégi. Ẹ̀yin náà lẹ fín in. Ṣùgbọ́n ayé tí mo wá jẹ nígbà náà kọ́ lọmọ yìí ń lọ jẹ."

Bàbá gbá èèpo igbá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò burú. Ẹ ra abọ́ fún un."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ru tánganran, ó ń ró gbàǹgàn gbàǹgàn lórí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Onírèsé dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ariwo náà fi jìnnà. Igbá kì í dún lórí ìyàwó. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó fi àkísà di àwọn ọ̀bẹ rẹ̀, ó kó wọn pẹ̀lú igbá méjìlá náà sókè àjà.

"N kò fíngbá mọ́," ló wí.

Ìlú rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Ìyàwó baálẹ̀ ránṣẹ́ igbá, ó kọ̀. Bàbá arúgbó kan tó fẹ́ràn láti máa mu ẹmu nínú igbá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ní kó máa dáko, kò dá. Wọ́n ní kó wá máa bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́, kò lọ. Òjò ọdún méjì rọ̀ bá a níbi tó jókòó sí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi ìdáná tí Àwẹ̀ró ń ṣẹ́ tà ni wọ́n fi ń jẹun. Ojú ọkùnrin náà fà ro. Ọjọ́ kan tí Àwẹ̀ró kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sunkún lójú rẹ̀.

"Bàbá Ṣégi, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó báyìí, ẹ wáá ká a sórí itan bí ọwọ́ òkú!"

Ìgbà náà ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Bí mo bá gbé iṣẹ́ mìíràn dání, a jẹ́ pé asán ni gbogbo èyí tí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n á ní, 'Ẹ wò ó, òun alára ti mọ̀ pé kò wúlò mọ́.' Ó sàn kí n jókòó."

Aládùúgbò wọn kan wà, Efúnṣọlá, aláró ni. Aṣọ àdìrẹ rẹ̀ gbajúmọ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kó tó kì í bọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá wà á sì wà ní funfun. Ó wá kí Onírèsé lọ́jọ́ kan, ó mú páànù pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, èyí tó gé lára agolo kẹrosíìnì.

"Bàbá Ṣégi, ọkọ̀ ojú irin tó ṣe yín bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ pa èmi náà. Àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra aṣọ ti pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ya ẹyọ kan. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gé ọnà sára páànù, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra á, ẹ̀kọ á gba ojú ibi tí wọ́n gé wọlé. Ẹ bá mi gé e. Kò sí ọwọ́ mìíràn nílùú yìí."

Ojú Onírèsé pọ́n. "Páànù ló lé mi nídìí iṣẹ́, páànù náà lẹ tún fẹ́ kí n jókòó máa gé?"

Efúnṣọlá kò bá a jiyàn. Ó fi páànù náà ti ògiri, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìròyìn dé pé Ṣégilọlá ti bímọ ọkùnrin. Onírèsé àti Àwẹ̀ró dìde, wọ́n lọ sí Òkè-Ìrókò. Ìyá ọkọ Ṣégilọlá, Àpèkẹ́, ni ẹsẹ̀ dídùn kò jẹ́ kó wá síbi ìgbéyàwó, nítorí náà wọn kò tíì pàdé gẹ́gẹ́ bí àna, Láògún nìkan sì lorúkọ tí Àpèkẹ́ gbọ́ pé bàbá ìyàwó ń jẹ́. Bí wọ́n ṣe wọ àgbàlá, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wẹ ọmọ.

Igbá ló ti ń wẹ̀ ẹ́.

Onírèsé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Igbá náà ti pọ́n rúbúrúbú, wọ́n ti fi okùn rán an níbi méjì. Àkùkọ kan wà lára rẹ̀, ìtàkùn kan sì wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó rántí ìtàkùn yẹn. Ọ̀dọ́ ni òun nígbà náà, ọ̀bẹ ló yọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, òun sì sọ ojú àṣìṣe di ìtàkùn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀.

"Àna mi, igbá lẹ ń wò?" ni Àpèkẹ́ wí. "Ọkùnrin kan ní ìlú yín ló fín in nígbà tí mò ń bọ̀ nílé ọkọ. Ó bi mí ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ rí láàárọ̀, mo ní àkùkọ bàbá mi. Ọmọ mẹ́jọ ni mo wẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá ọmọ tí ẹ ń wò yìí wà nínú wọn. Onírèsé ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. N kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé."

"Ó wà láyé," ni Onírèsé dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó ti kọ̀. Kò fíngbá mọ́."

Àpèkẹ́ bu omi sí ọmọ lórí. "Ó kọ̀? Ẹ jẹ́ kó kọ̀. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, bóyá iṣẹ́ mìíràn ló kàn. Bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na aṣọ ìnura yẹn."

Onírèsé na aṣọ náà sí i. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ṣégilọlá tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀.

"Bàbá, ojoojúmọ́ ni mò ń fọ igbá yìí. N kò mọ̀ pé tiyín ni. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ìyá ìkókó. Abọ́ rẹ náà dáa. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ fún mi, inú rẹ̀ ni kí ẹ bù ú sí. Kó ṣáà má jó mi lọ́wọ́ jù."

Ìgbà náà lọ̀rọ̀ tó yé Àpèkẹ́. Ó kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ dídùn kúnlẹ̀, Àwẹ̀ró ló dì í mú.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, Onírèsé ló ṣáájú títí wọ́n fi dé ìdajì ọ̀nà. Ó wá dúró lójijì. "Ìyá Ṣégi, bí èyí tí mo ti fín kò bá lè parun, kí wáá ni mo jókòó tì láti ọdún méjì? Kí ni mò ń ṣọ́?"

Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀bẹ sílẹ̀ láti àjà, ó lọ bá páànù Efúnṣọlá. Ìyà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Lára igbá, ó lè fín ọnà yí ká bó ti wù ú. Lára páànù, bó bá gé e yí ká, àárín rẹ̀ á já bọ́. Páànù gé e níka. Ó bà mẹ́rin jẹ́ kó tó mọ̀ pé àfi kí òun máa fi ìdè tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín ọnà, kó lè di ara rẹ̀ mú. Ọ̀gá ọlọ́gbọ̀n ọdún tún di ọmọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí aṣọ àkọ́kọ́ jáde nínú aró, tí Efúnṣọlá ha ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀, aláǹgbá funfun ló tò lọ bẹẹrẹ lórí aró dúdú. Onírèsé pa ẹ̀rín tí àwọn adìyẹ fi sá.

Ó gé páànù títí ó fi darúgbó. Àwọn ẹlẹ́yà ní Onírèsé ti di onípáànù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mìíràn bẹ̀ ẹ́ pé, níwọ̀n ìgbà tí inú rẹ̀ ti dùn báyìí, kó tún fín igbá kan péré fún àwọn. Ó kọ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìbínú kọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ ló fi ń dá wọn lóhùn, àwọn náà sì ń gbé e kiri títí ó fi di òwe.

Bí ìyá ìyá mi bá sọ ọ́ débẹ̀, wọ́n á máa wo ọ̀nà bí ẹni tí ń tẹ́tí sí nǹkan. Ariwo ọ̀bẹ lára igbá, wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ kẹ́yìn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. N kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo lè sọ báyìí fún ẹni tí ayé yí iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá gbé tuntun, ti àtijọ́ á di asán. Kó fi igbá sílẹ̀, kó gbé iṣẹ́ tó kàn. Bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.