Omi Tí Alága Kò Lè Mu

"Ọ̀fun agbẹ́kànga ni omi tuntun ń kọ́kọ́ gbà." Bí ẹ bá ya ìlú Ìrógbò, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà kan. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Àwọn kan rò pé àwọn baba ńlá wa ló pa á. Rárá o. Àṣà ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìbínú obìnrin kan ló sọ ọ́ di òwe.

Fadérera ni orúkọ obìnrin náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ìwádìí omi ní Ìbàdàn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé sí Ìrógbò, àwọn ará àdúgbò Òkè-Ọ̀sán sì dìbò fún un pé kó máa ṣojú àwọn ní káńsù. Dókítà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí.

Ní ọdún kejì, alága káńsù gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Ọ̀sán. Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi Fadérera. Ó mọ ilẹ̀ náà. Ogún ọdún gbáko ni àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe fi ń da ìdọ̀tí bátìrì sílẹ̀ níbẹ̀, títí koríko fi kọ̀ tí kò hù mọ́. Ó bu omi kànga náà sínú ìgò, ó gbé e lọ sí yàrá ìwádìí tó ti ṣiṣẹ́ rí. Òjé ló bá nínú rẹ̀. Òjé kì í pa àwọ̀ omi dà, kò sì ní òórùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń mu ún, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ ọpọlọ rẹ̀, títí ọmọ tó mọ̀wé yóò fi máa wo pátákó bí ẹni ń wo ògiri.

Ó kọ lẹ́tà sí alága. Kò rí èsì. Ó kọ èkejì. Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gbé e lọ.

"Ẹ má wulẹ̀ fún mi, Màmá," ni alága wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti ka méjì àkọ́kọ́. Ọ̀la la ó ṣí kànga yẹn. Ìbò ku oṣù mẹ́ta. Àbí òjé ló máa dìbò fún mi ni?"

"Alága, àwọn ọmọdé ni yóò mu ún!"

"Kí wọ́n mu ún, kí wọ́n ṣàdúrà fún mi. Yàrá ìwádìí kọ́ nìyí o, Màmá. Òṣèlú là ń ṣe."

Fadérera jáde. Ó bínú sí alága. Ó bínú sí àwọn kánsẹ́lọ̀ tó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Ó wá bínú sí ara rẹ̀ jù, òun tó rò pé ìwé lè bá ẹni tí kò nítìjú sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ilé ìwé tò lórí ìlà, kálukú pẹ̀lú ife tirẹ̀. Alága sọ̀rọ̀ lọ títí, ó ní òun gan-an lòun gbẹ́ kànga fún wọn. Ó gé ríbọ́nù. Ó ṣí ẹ̀rọ, omi sì tú jáde, ó ń dán nínú oòrùn bí ohun tó ti ọ̀run bọ̀. Bí àwọn ọmọ ṣe fẹ́ sún mọ́ ọn ni Fadérera dúró dí wọn lọ́nà.

"Ẹ dúró! Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ta ló ń kọ́kọ́ mu omi kànga tuntun ní Ìrógbò?"

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ló dàgbà jù ní àdúgbò náà. Orí ìjókòó ló ti fèsì. "Ẹni tó gbẹ́ ẹ ni. Ife mẹ́ta, lójú gbogbo ayé. Bí kò bá ṣe é ní nǹkan kan, ìlú á wá pọn omi. Mo ti rò pé ẹ̀rọ ti pa àṣà yẹn!"

Fadérera bu omi, ó nà án sí alága. "Ẹ ní ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ gbà."

Alága rẹ́rìn-ín, ó ti ife náà sí agbaṣẹ́ṣe tó bá a ṣiṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe fà sẹ́yìn. "Ààwẹ̀ ni mo wà, sà."

"Ààwẹ̀!" ni Ìyá Abọ́sẹ̀dé wí. "Ìwọ tí o jẹ ẹran méjì níwájú mi láàárọ̀ yìí!"

Ẹ̀rín sọ. Alága gbé ife náà dé ètè. Fadérera ò yẹjú. Alága wo omi, ó wo obìnrin náà, ó rọra gbé ife sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà, àwọn tí kò mọ̀wé pàápàá ka lẹ́tà Fadérera tán.

Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ìlà. Òmíràn fa tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ku alága àti omi tó ń ṣàn.

Káńsù dá Fadérera dúró, wọ́n ní ó tàbùkù alága. Kò bẹ̀ wọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń lọ dúró síwájú káńsù tòun ti àwọn ìyá ọmọ, títí wọ́n fi dí kànga náà pa.

Láti ìgbà náà ni òwe yìí ti wà. Bí aṣáájú kan bá gbé òfin, oògùn tàbí ohun rere kan wá fún ọmọ ẹlòmíràn, tí kò jẹ́ fún ọmọ tirẹ̀, àwọn àgbà Ìrógbò kì í bá a jiyàn. Wọ́n á ní, "Ọ̀fun agbẹ́kànga ni omi tuntun ń kọ́kọ́ gbà," wọ́n á sì dúró, kó mu tirẹ̀ kí wọ́n rí i.